Àmù Sàráà Ìsàlẹ̀ Òkè Ọ̀kà

Orúkọ tí bàbá mi sọ mí nílé wa ní Ìkàrẹ́ kọ́ ni wọ́n ń pè mí ní Ọ̀kà. A-pọn-má-mu ni wọ́n ń pè mí. Àwọn obìnrin tá a jọ ń pọnmi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó lè gbọ́ ọ láìsọ orí kodò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí ò tilẹ̀ mọ ìdí ẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé oríkì ni. Wọ́n á ní, "Ìyá A-pọn-má-mu, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi náà á dáhùn pé, "Òo, ẹ ṣé o." Kí ni n bá sọ? Ẹnu ara mi ni mo fi wá orúkọ náà.

N ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní bu iyọ̀ sí i, mi ò sì ní yọ ata rẹ̀ kúrò.

Mo ní àbúrò kan, ọkùnrin. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì ń rákòrò, èmi tí mi ò tíì gbó ni mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ẹ̀kọ tútù ni mo fi tọ́ ọ. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, èmi ló kọ́kọ́ pè ní ìyá, tí bàbá wa fi ní kí n kọ́ ọ kó máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n, kí ẹni tó lọ má bàa bínú. Mo kọ́ ọ. Gbogbo ohun tó mọ̀, ọwọ́ mi ló ti mọ̀ ọ́n: bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá, ilé tí a ti lè jẹun àti ilé tí a kì í ti í jẹun.

Àwa onímàle ò pọ̀ ní Ìkàrẹ́ nígbà náà. Agbolé díẹ̀ ni wá, a sì mú ara wa le. Lójú tiwa, àwa la mọ́, àwọn yòókù ló dọ̀tí. Lọ́jọ́ kan nínú ọjà Ìkàrẹ́, oòrùn ń pa àbúrò mi, ó ń sunkún omi. Obìnrin kan tó ń ta ẹmu bu omi sínú ahá fún un. Ẹ̀rín ni obìnrin náà ń rín. Ó kọ́kọ́ fẹnu kan omi náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ó wá nà án sí ọmọ. Kí ọmọ tó gbà á, mo ti gbá ahá náà dànù. Omi dà sílẹ̀, ahá fọ́. Mo ní, "O fẹ́ mu omi tí ẹnu ọlọ́tí ti kàn? Ṣé o ò nílé ni? Ilé lo ti máa mu omi!" Obìnrin náà kàn wo àfọ́kù ahá nílẹ̀. Mo fa àbúrò mi lọ́wọ́, a lọ. Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá wa, ó ní mo ṣe é dáadáa, orí mi sì wú.

Nígbà tó yá, wọ́n fi mí fọ́kọ ní Ọ̀kà. Onímàle ni bàálé mi náà. Ó máa ń ra kíjìpá lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń hun ún, á sì gbé e lọ tà lọ́nà Kàbà. Èmi náà ń hun aṣọ nínú ilé. Orí òkè ni Ọ̀kà, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Àkùngbá á ti máa rí òrùlé wa lókè kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kò ní rí omi kan tó ń ṣàn títí tó fi máa gùn ún dé ọ̀dọ̀ wa. Ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ yá mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ Ìkàrẹ́ ẹnu mi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tiwọn náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ mi ò jẹ, mi ò mu nílé ẹnikẹ́ni tí kì í kírun.

Ohun kan wà tí àwọn ará Ọ̀kà kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá fún ọ lómi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú rẹ. Wọ́n ń ṣe é níbòmíì, ṣùgbọ́n bíi ti ìwà ọmọlúàbí lásán ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Ní Ọ̀kà, òfin ni. Àwọn àgbà wọn ní láti ìgbà ogun Tápà ni, nígbà tí wọ́n sá gun orí àpáta, tí òùngbẹ ń pa wọ́n, tí wọn ò sì mọ ẹni tó ń da nǹkan sí omi ìsàlẹ̀. Wọn ò tíì gbàgbé. Mo gbọ́ ìtàn náà, mo mi orí, kò kàn mí.

Àsìkò yẹn ni òyìnbó àjẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ilẹ̀ Àkókó. Kò tíì sí ọkọ̀. Orí ọmọ ènìyàn lọkọ̀. Bí àjẹ́lẹ̀ bá fẹ́ ṣí kúrò níbì kan, akódà á wá bá ọba, ọba á ránṣẹ́ sí àwọn olórí àdúgbò, wọ́n á sì mú géńdé ọkùnrin lágbolé kọ̀ọ̀kan. Àpótí irin, àgọ́, ibùsùn, títí kan ọpọ́n tí òyìnbó fi ń wẹ̀, orí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá ara rẹ yá. Wọ́n mú àbúrò mi ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú ibà lára. Bàbá wa bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ibà kì í pa géńdé.

Ó pa á. Àwọn alárù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gòkè wá sọ fún mi, lágbàlá wa, nídìí òfì mi. Wọ́n ní láti Àkùngbá ni ọ̀fun rẹ̀ ti ń gbẹ. Wọ́n ní ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó yà sínú ahéré kan lẹ́bàá ọ̀nà láti lọ tọrọ omi, ó sì jáde wá láìmu. Ó tún gbé ẹrù, ó rìn díẹ̀, ó wá fẹ̀yìn ti àpáta ńlá kan nísàlẹ̀ òkè. Kò dìde mọ́. Ibi tó fẹ̀yìn tì yẹn, bó bá gbójú sókè, òrùlé mi ló máa rí.

Ohun tí wọ́n sọ ò ju ìyẹn lọ: ó wọlé, ó jáde, kò mu. Èmi ni mo fi ìyókù kún un. Mo ní wọ́n fi omi dù ú. Mo ní kí ni mo tún ń retí lọ́wọ́ kèfèrí? Mo gbé ahéré yẹn sọ́kàn, mo sì ń ṣépè fún un láàárọ̀ lálẹ́, èmi tí mi ò tíì rí ẹni tó ń gbébẹ̀ rí.

Ẹ̀dùn ọkàn náà fẹ́ẹ̀ ya mí ní wèrè. Ṣe lọmọ yẹn máa ń wá bá mi lójú àlá, ètè rẹ̀ á ti bó, kò sì ní sọ̀rọ̀. Mo tọ àfáà wa lọ, mo bi í pé kí ni mo lè ṣe fún òkú mi. Àfáà ní, "Fún aráyé lómi. Gbogbo ẹni tó bá mu ún, láádá rẹ̀, èrè rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, á máa dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àìrí omi mu kọ́ ló pa á ni? Mo ní ibi tó kú sí gan-an ni n ó gbé e sí.

Àmù tí mo gbé wá láti Ìkàrẹ́ nígbà ìyàwó ni mo gbé lọ síbẹ̀, àmù ńlá aláràbarà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ri ìdí rẹ̀ mọ́ ibòji àpáta náà. Mo hun kíjìpá funfun kan, tó mọ́ nigínnigín, mo fi bo ẹnu rẹ̀ nítorí eruku. Àfáà kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé rẹ̀, ó fi omi fọ tàdáwà tó fi kọ ọ́ sínú àmù fún alùbáríkà, omi náà sì dúdú díẹ̀. Mo so ahá kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Láràárọ̀, kí n tó jókòó sídìí òfì, mo máa ń gbé omi sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Inú mi sì ń dùn, mi ò ní purọ́. Mo ń retí ẹni àkọ́kọ́ tó máa mu ún tó máa sọ pé, "Ọlọ́run jọ̀ọ́, dárí ji ẹni tí wọ́n ṣe é fún." Ẹnì kan péré ni mo ń wá. Lójú mi, tí ẹnì kan bá ti mu ún, ọ̀fun ọmọ yẹn á rọ̀.

Kò sẹ́ni tó mu ún.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ojú ọ̀nà tó là méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tí géńdé kan kú sí. Aṣọ funfun. Omi dúdú. Ta ló máa rí i tí kò ní pè é ní ẹbọ? Àwọn tó ń bọ̀ láti Àkùngbá, àwọn míì tí èdè tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí tiwa, wọ́n á dé ibẹ̀ pẹ̀lú ètè gbígbẹ, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí, wọ́n á sì rìn gba inú igbó yí i ká. Mo máa ń rí ojú ẹsẹ̀ wọn nínú koríko. Nígbà tí mo bá débẹ̀ láàárọ̀, omi àná ló wà níbẹ̀ bó ti wà, kòkòrò ti ń jó nínú ẹ̀. Mo máa ń dà á nù, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi igbá ha ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń da omi sílẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà nítòsí ibẹ̀, ará Ọ̀kà, tó ti kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pẹ gígùn àti ẹmu dídá, tó wá ń gbé ahéré rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ahéré yẹn náà ni. Ibi tó wà ni mo fi dá a mọ̀, mi ò sì kí bàbá náà rí. Lọ́jọ́ kan mo ń da omi sínú àmù, àwọn tó ń ti oko bọ̀ sì dúró lókèèrè tí wọ́n ń wòye. Bàbá náà fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá. Ó rọra sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ le: "Ìyàwó, o kú iṣẹ́. Bu díẹ̀ mu, kí wọ́n rí ọ."

Ha! Bí ìgbà tí wọ́n da ata sójú mi. Mo rò pé ó ní mo fi májèlé sí i ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nílé wa ní Ìkàrẹ́, nígbà tí wọ́n bá pa àgbò ẹ̀jẹ́, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ kì í jẹ nínú ẹ̀, kí láádá rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Mo ti gbé òfin yẹn lérí omi. Lójú mi, tí ẹnu mi bá kan omi náà, mo jẹ ti àbúrò mi nìyẹn. Mo fi ọwọ́ lé ìbàdí. Mo ní:

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀rù omi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi omi du ọmọ ọlọ́mọ títí tó fi kú síbí? Sàráà òkú ni, ẹni tó ṣe é kì í fẹnu kàn án. Mi ò ní mu ún! Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ọ̀fun rẹ̀ bó!"

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó tó bí mi lọ́mọ, lójú ayé.  Ẹnu bàbá náà mì bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ó dáa, ìyàwó," ó sì padà sínú ahéré rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, "mi ò ní mu ún" ti gòkè Ọ̀kà ṣáájú mi. Ìyàwó ará Ìkàrẹ́ pọnmi síta, òun fúnra rẹ̀ ò jẹ́ mu ún! Bí mo bá dé odò, àwọn obìnrin á sún sápá kan, ọ̀kan á ní, "Ẹ yà fún A-pọn-má-mu o," gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Bàálé mi ní kí n lọ bẹ bàbá náà. Mo ní èmi kẹ̀? Mo ní kí n tó lọ kúnlẹ̀ fún ẹlẹ́mu yẹn, kí ilẹ̀ lanu. Ó ní, "Ẹnu rẹ yìí ni yóò pa ọ́." Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó lọ sọ́nà Kàbà. N kò sì jáwọ́. Ṣe ni mo túbọ̀ ń pọnmi lọ síbẹ̀, tìkanra-tìkanra.

Ọjọ́ ọjà kan ni mo sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ti ga díẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Láti òkèèrè ni mo ti rí apẹ̀rẹ̀ iṣu tó dà sílẹ̀. Obìnrin kan fẹ̀yìn ti àpáta náà, ibi tí àbúrò mi fẹ̀yìn tì gan-an, oyún ńlá nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí sókè, ètè rẹ̀ ti funfun. Bàbá ẹlẹ́mu wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi àwọ̀sókè rẹ̀ fẹ́ ẹ. Àmù mi, tó kún títí dé ọrùn, ò ju ibi tí ọwọ́ obìnrin náà lè dé lọ.

Mo sáré débẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ fún un lómi!"

Ó ní, "Omi ahéré mi ti tán látàná. Mo bu tìrẹ fún un. Mo mu ún lójú ẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó ní èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀, kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ mu." Ó na ahá kékeré náà sí mi. "O ti dé. Mu ún."

Mo gba ahá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo dúró. Obìnrin kan ń kú lọ lẹ́sẹ̀ mi pẹ̀lú ọmọ nínú, mo mú omi lọ́wọ́, mo dúró bí igi, mo ń rò ó pé bí mo bá mu ún, láádá ọmọ yẹn dà? Ọ̀pọ̀ òógùn tí mo ti fi gbé omi sọ̀ kalẹ̀ òkè, ṣé gbogbo rẹ̀ á wá di òfo? Mo tilẹ̀ la ẹnu, mo ní, "Bàbá, sàráà àbúrò mi ni..."

Ó gbójú sókè wò mí. Inú bí i, àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìbínú lójú rẹ̀. Ó ní, "Bí àbúrò rẹ náà ṣe ṣe nìyí!"

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

Ó ní, "Mu omi ná."

Mo mu ún. Mo gbé e sẹ́nu lójú obìnrin náà, mo gbé e mì kó lè rí ọ̀fun mi tó ń lọ sókè sódò, mo tún bu òmíràn, mo tún mu ún. Ó wo ẹnu mi. Ó sọ nǹkan kan lédè wọn tí mi ò gbọ́, ó sì la ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ la ń ta á sí i lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń ta omi sí ọmọ tuntun lẹ́nu. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ahá mú. Mo ń wò ó bó ṣe ń mu. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo ti ń retí nìyẹn, mi ò sì rántí àdúà kankan. Ojú ń tì mí, ojú ń tì mí débi pé mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣu rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dé, wọ́n bá a níbi tó ti jókòó dáadáa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń pè mí ní ìyá. Bàbá àgbàlagbà náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sọ fún wọn pé mo dúró bí igi. Ká ní ó sọ ni, ara ì bá tù mí.

Mo lọ bá àfáà. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo bi í bóyá mo ti ba láádá náà jẹ́. Àfáà lanu sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní kí o má mu ún? Ẹran ẹ̀jẹ́ la sọ fún yín, a ò sọ omi. Omi kì í ṣe ẹran. Bí o bá ń pọn ọ́n, mu, kí o sì fún ènìyàn mu." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o le ju ẹ̀sìn lọ." Ó rò pé àwàdà ni. Òfin tí mo fi bú àgbàlagbà lójú ọ̀nà, tí mo fi jẹ́ kí aboyún fẹ́ẹ̀ kú lẹ́sẹ̀ mi, kò sẹ́ni tó ṣe é. Èmi ni mo ṣe é.

Ọ̀rọ̀ bàbá náà ò sì kúrò létí mi: bí àbúrò rẹ náà ṣe ṣe nìyí. Mo ń yí i sí ọ̀tún, mo ń yí i sí òsì. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Níkẹyìn mo di obì mọ́ etí ìró, mo sọ̀ kalẹ̀ òkè lọ sí ahéré tí mo ti ń ṣépè fún.

Ó wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹnu mi ló ṣẹ̀ yín." Ó ní kí n dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ní mi ò dìde. Mo ní, "Ẹ sọ fún mi, kí ni àbúrò mi ṣe?"

Kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ní òkú kì í fọhùn, kò sì dára kéèyàn máa rojọ́ mọ́ ẹni tí kò lè dáhùn. Ó ní ìdí tí òun ò fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí mo bú òun nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi tòun ti ibà lára. Mo bu omi tútù fún un. Mo kọ́kọ́ mu ún lójú ẹ̀ bí àṣà wa, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó wá rí kèrègbè ẹmu mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rọra gbé ahá kalẹ̀. Kò bú mi, kò ṣe bíi tìẹ. Ó ní, 'Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé orí òkè yìí. Ilé ni n ó ti mu omi.'"

Ìyẹn nìkan ló sọ. Bàbá náà ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn, pé mo fi àfọ́kù ahá kọ́ ọ nínú ọjà Ìkàrẹ́, tí orí mi sì wú. Ó ń bẹ̀ mí kí n má sunkún mọ́. Ó ní, "Má dá ara rẹ lẹ́bi, ìyàwó, ìwọ ò sí níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ mí." Ó wò mí, ó wo kèrègbè ẹmu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tún wò mí. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ bu omi nínú ìkòkò. Ó kọ́kọ́ mu ún lójú mi, ẹnu rẹ̀ ń rùn fún ẹmu àárọ̀. Ó nà án sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì mu ún tán.